Ike títò eyín àbí wáyà: ìfiwéra fún àwọn tó ń gbèrò àtirà ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Owó títò eyín kò dà bí owó aṣọ tàbí ti ẹ̀rọ alágbèéká, tí ènìyàn á san tán, tí á sì gbé ọjà rẹ̀ lọ sílé. Iṣẹ́ ọdún kan sí ọdún méjì ni ènìyàn ń sanwó fún, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó sanwó náà ni yóò sì fúnra rẹ̀ ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń bi dókítà, èyíinì ni "èwo ni kì í hàn?", kò yẹ kó ṣáájú. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: wákàtí mélòó lójúmọ́ ni ẹ fi ń wà láìjẹ, láìmu? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn láìparọ́ fún ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tí yóò rà.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

Wáyà eyín, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń fi èdè Faransé pè ní bagues, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀. Dókítà yóò lẹ irin pelebe kan tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ mọ́ iwájú eyín kọ̀ọ̀kan, yóò wá fi wáyà tín-ín-rín gba ara gbogbo wọn kọjá. Wáyà yìí ló ń fa eyín. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè yọ ọ́ nílé. Àfi kí dókítà tú u.

Ti ike, tí wọ́n ń pè ní gouttières, jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wọn ẹnu ẹni kan ṣoṣo ṣe, tí ó sì ń bo eyín bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bo ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan ni wọ́n ń fúnni. Ó lè tó 20, ó lè tó 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí ike kan kì í sábà sún eyín ju nǹkan bíi 0.25 mílímítà lọ. Ẹ ó wọ ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ ó sì bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ló dá ilé-iṣẹ́ Align Technology sílẹ̀ ní 1997, tí wọ́n sì sọ ọgbọ́n yìí di òwò ńlá lábẹ́ orúkọ Invisalign. Lónìí, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "Invisalign" ni òun ń tà, ẹ ní kó fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ike náà hàn yín lára páálí rẹ̀. Àwọn ará wa ti ń pe gbogbo ike eyín ní orúkọ kan náà, àwọn oníṣòwò kan sì ń fi ìyẹn jẹun.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà ṣiṣẹ́. Eyín kò dúró nínú egungun bí òpó ṣe ń dúró nínú sìmẹ́ǹtì. Iṣan wẹ́wẹ́ ló so ó mọ́ egungun. Bí nǹkan bá ń tì í láìdábọ̀, egungun tó wà níwájú rẹ̀ yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, egungun tuntun yóò sì máa hù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "láìdábọ̀" ni kí ẹ di mú. Wáyà kì í sinmi, nítorí kò sí ẹni tó lè yọ ọ́. Ike ń sinmi nígbàkígbà tí ẹ bá yọ ọ́, eyín sì ń gbìyànjú láti padà síbi tó ti wá.

Wákàtí méjì tó ṣẹ́kù

Àwọn tó ń ṣe ike náà ní kí a máa wọ̀ ọ́ fún wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́. Nínú ìyókù ni jíjẹ, mímu àti fífọ eyín yóò ti wá. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún olùkọ́ kan ní Àjàṣẹ́ tó fẹ́ dé wákàtí 22. Ó mu kókó òun àkàrà láàárọ̀, ìṣẹ́jú 20. Ó jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́sàn-án, ìṣẹ́jú 30. Ó jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹja àti ata lálẹ́, ó sì bá ará ilé tàkúrọ̀sọ díẹ̀ nídìí àwo, ìṣẹ́jú 40. Ó fọ eyín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú 15. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 ti lọ. Ife kọfí kan ní àkókò ìsinmi àti ẹ̀pà díẹ̀ lójú ọ̀nà ilé, wákàtí méjì ti pé.

Olùkọ́ yìí lè ṣe é bó bá fi kọfí náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń se oúnjẹ tà, tí ó ń tọ́ ọbẹ̀ wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò lè ṣe é. Awakọ̀ tí orógbó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ títí dé Kútọnu kò lè ṣe é. Baba tí wọ́n ń fi obì kí láti ilé dé ilé kò lè ṣe é, kò sì dára kó máa kọ obì nítorí ike. Omi tútù lásán nìkan ni wọ́n gbà pé kí ènìyàn máa mu pẹ̀lú ike lẹ́nu. Tíì gbígbóná lè yí i ní bátànì, kọfí, obì àti epo pupa sì máa ń pa á láró, débi pé ohun tí a rà nítorí kó má baà hàn yóò wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ sísọnù tún wà níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wọ irú ike yìí jókòó jẹ àkàrà lọ́jà Wàǹdó lọ́jọ́ kan. Kò mú àpò kékeré rẹ̀ dání, ó wá fi bébà àkàrà wé ike náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ọmọ tó ń palẹ̀ mọ́ kó bébà àti ewé pọ̀, ó dà á sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Nígbà tí a tú agbọ̀n náà palẹ̀, ike wà níbẹ̀ lóòótọ́, òróró bò ó, ó sì ti là sí méjì níbi eyín iwájú. Orí ló bá a ṣe é: ọjọ́ kẹwàá nínú mẹ́rìnlá ni, dókítà sì ní kó bọ́ sí èyí tó kàn. Ká ní ọjọ́ kejì ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kó padà sí ike tó ti bọ́ sílẹ̀, kí ó sì dúró de òmíràn láti òkè òkun. Nítorí náà, ẹ máa tọ́jú ike méjì tí ẹ ti wọ̀ kọjá kẹ́yìn, ẹ má sì yọ ike láìsí àpò rẹ̀ lọ́wọ́.

Eyín wo ni èwo lè tò?

Bí eyín bá kàn gun ara wọn díẹ̀ níwájú, bí àlàfo bá wà láàárín wọn, tàbí bí eyín tí wọ́n ti fi wáyà tò nígbà kan bá ti ń padà sípò àtijọ́, ike ń ṣe é dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé eyín yí po, pàápàá eyín róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí pé ọ̀kan há sínú egungun tí a ní láti fà á jáde, tàbí pé wọ́n ní láti yọ eyín láti fi wá àyè kí wọ́n sì pa àlàfo ńlá náà dé, wáyà ló ní agbára jù, ó sì máa ń ṣe é láìfi iṣẹ́ falẹ̀. Àgbọ̀n tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bára mu rárá lè gba iṣẹ́ abẹ kún un, èyí tí ike nìkan kò lè ṣe.

Àwọn olùtajà kì í fẹ́ sọ pé "kì í hàn" ní ààlà. Kí ike lè di eyín tó le mú, dókítà sábà máa ń lẹ àwọn kókó kéékèèké tó ní àwọ̀ eyín mọ́ ọn, wọ́n sì ń hàn bí ẹ bá rẹ́rìn-ín lójú oòrùn. Ó tún lè fi ohun pẹlẹbẹ rẹ́ ẹ̀gbẹ́ eyín méjì tó kan ara wọn, kí àyè lè wà. Díẹ̀ báyìí ni ohun tó máa rẹ́, kò sì tó mílímítà kan, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti rẹ́ lára eyín kì í hù mọ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀, òun náà ni èéjí. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ètò yìí, àlàfo láàárín eyín iwájú méjì jẹ́ àbùkù tí a ní láti pa dé, bẹ́ẹ̀ ni ètò náà yóò sì ṣe pa á dé fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹwà ni. Mo mọ ọmọbìnrin kan ní Kétu tó lọ tò eyín ìsàlẹ̀, tó sì bá a pé wọ́n ti kó ti òkè pọ̀ mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ àgbà tí wọ́n jọ ní èéjí kan náà kò tíì dárí jì í. Kí wọ́n tó ṣe ike yín, dókítà yóò fi àwòrán bí eyín yóò ṣe rí ní ìparí hàn yín. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ sì sọ pé "ẹ fi èéjí mi sílẹ̀" bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́. Ẹni tó fẹ́ lo wáyà náà lè sọ ọ́, ohun tó kù ni pé kó sọ ọ́ lásìkò.

Ti àwọn ọmọdé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí eyín wàrà kò bá tíì tán lẹ́nu ọmọ, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bóyá àsìkò ti tó rárá. Ọ̀dọ́mọdé tó ń sọ gègé nù lóṣooṣù, wáyà ni kí ẹ rà fún un.

Ọ̀nà jíjìn, oúnjẹ àti búrọ́ọ̀ṣì

Níhìn-ín ni ike ti ń gba iwájú, pàápàá fún àwọn tó jìnnà sí Kútọnu. Ẹni tó wọ wáyà ní láti máa rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ síra. Ẹni tó wọ ike lè gba ike mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì lo oṣù méjì kó tó padà lọ. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ sí Kútọnu lé ní 200 kìlómítà. Iye owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ tí ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń gbé lọ yẹ kó wọ inú ìṣirò yín. Yàtọ̀ sí èyí, irin ara eyín máa ń já kúrò bí ènìyàn bá fi eyín iwájú gé àgbàdo sísun, kúlíkúlì tàbí egungun, ìrìn-àjò tí a kò retí sì dé nìyẹn. Wáyà tó já lè máa gún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìda díẹ̀ tí dókítà fúnni ni ènìyàn ń fi bo ṣóńṣó rẹ̀ títí yóò fi débẹ̀.

Ti ìmọ́tótó náà, ike ló rọrùn jù. Ẹ yọ ọ́, ẹ run pákò yín bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ fi omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ike, ẹ dá a padà. Pákò kò lè wọ abẹ́ wáyà dáadáa. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní láti ra búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú, kí ó sì ní sùúrù lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, nítorí ibi tí oúnjẹ bá há sí ni eyín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ìrora? Méjèèjì máa ń dunni fún ọjọ́ díẹ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wáyà le tàbí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ike. Kò sí èyí tí kò ṣeé mú mọ́ra.

Èrò tèmi ni pé ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí títò eyín rẹ̀ kò le púpọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ́fíìsì, yóò jèrè ike ju ará Àjàṣẹ́ tí ilé dókítà wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ lọ.

Ike tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Irú kẹta wà, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí Facebook: ẹ ó fi ohun rírọ̀ tẹ bátànì eyín yín nílé, ẹ ó fi ránṣẹ́, ike yóò dé. Ó pọ́ọ́kú. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á. Dókítà tí kò ya fọ́tò egungun yín kò lè mọ eyín tó ti jẹrà nínú, tàbí egungun tí àrùn ẹran ìdí eyín ti ń jẹ. Bí a bá sì ń ti eyín tó wà nínú egungun tó ti yẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì. SmileDirectClub, tó gbajúmọ̀ jù nínú irú òwò yìí ní Amẹ́ríkà láti 2014, kógbá sílé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn oníbàárà tó wà lágbedeméjì iṣẹ́ sì ṣẹ́kù láìní ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá lè ṣe báyìí fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ yín ní Kétu?

Lílọ sí Nàìjíríà yàtọ̀ sí ìyẹn. Ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn àti Èkó ní àwọn dókítà tó kọ́ṣẹ́ títò eyín, èdè kan náà la sì jọ ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ó kọjá ẹnubodè, kí ẹ sì fẹnu kò lórí bóyá náírà tàbí sẹ́fà ni ẹ ó fi san, nítorí iye tí náírà jẹ́ nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lè yàtọ̀ gan-an sí iye rẹ̀ nígbà tí ẹ bá parí.

Owó

Ike sábà máa ń wọ́n ju wáyà onírin lọ, nítorí òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè kì í ṣe gbogbo owó. Ẹ bèèrè bóyá fọ́tò egungun àti fífọ eyín wà nínú rẹ̀, bóyá dídí eyín tó ti jẹrà wà níbẹ̀, ohun tí ẹ ó san bí ike kan bá sọnù tàbí irin kan bá já. Ẹ bèèrè pàápàá nípa ìdì ike kejì: ọ̀pọ̀ ìgbà ni eyín kì í dé ibi tí kọ̀ǹpútà sọ pé yóò dé, tí wọ́n á sì ní láti ṣe ike mìíràn fún àtúnṣe. Níbi tí ìdì kejì kò bá sí nínú owó àkọ́kọ́, ike tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lè wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹni tó wọ wáyà àti ẹni tó wọ ike yóò pàdé níbì kan náà. Eyín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò máa ń fẹ́ padà sílé, nítorí náà wọn yóò ní láti máa wọ ohun ìdáeyíndúró lálẹ́ fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá gbó. Àbúrò mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò gbọ́ nípa owó rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n yọ kókó tó kẹ́yìn kúrò lára eyín rẹ̀, nígbà tí akọ̀wé ilé ìtọ́jú náà fi ìwé owó tuntun lé e lọ́wọ́ lójú ọ̀nà àtijáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye owó yẹn sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ tó la ẹnu fún wọn rárá.