Ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn: èyí tó yẹ kéèyàn náwó lé, àti èyí tí kò yẹ

Oríṣi ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn méjì ló pọ̀ jù lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta: èèyàn á wo fídíò, á dáhùn ìbéèrè díẹ̀, á sì gba ìwé ẹ̀rí. Èkejì ń gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa jókòó ti ẹni tó ní ìṣòro gidi, ẹni tó mọṣẹ́ á sì máa gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. A gbé méjèèjì yẹ̀ wò torí pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń polówó wọn. Ibi tá a fì sí kò fara sin: bí ẹ bá fẹ́ di agbaninímọ̀ràn, ẹ má náwó yín lé ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbọ́ ohùn yín lẹ́nu iṣẹ́.

Orúkọ ìwà ni ẹ̀kọ́ kúkúrú mọ̀ ọ́n kọ́. Ní 1957, Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lára ohun tó ń mú kí ara ẹni tó wá gba ìrànlọ́wọ́ yá ni kí agbaninímọ̀ràn lè fi ara rẹ̀ sípò onítọ̀hún, kó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ láìdá a lẹ́jọ́, kó má sì díbọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti há ìyẹn sórí. Àmọ́ ìgbà tí ẹni tó jókòó níwájú yín bá dákẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan gbáko, tàbí tó ní, "Ẹ̀yin náà ò lè ràn mí lọ́wọ́," lẹ máa tó mọ̀ bóyá ìwà náà wà lára yín.

Ìwádìí ti fi èyí hàn. Timothy Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde kan jáde ní 2009 lórí agbaninímọ̀ràn 25 tó gba èèyàn 1,141 nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí àwọn agbaninímọ̀ràn náà fèsì sí fídíò àwọn èèyàn tó ṣòroó bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún ní kí wọ́n sọ bí àwọn fúnra wọn ṣe rò pé àwọn mọ èèyàn bá lò tó. Nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ orí wọn, èsì tí wọ́n fọ̀ sí fídíò nìkan ló ṣàlàyé díẹ̀ lára ìdí tí ara àwọn tó lọ bá ẹnì kan fi ń yá ju ti àwọn tó lọ bá ẹlòmíì lọ. Ohun tí wọ́n rò nípa ara wọn ò ṣàlàyé nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ tó dáa fi gbọ́dọ̀ gbé akẹ́kọ̀ọ́ síbi tó le, níbi tí ẹlòmíì ti lè rí i.

Nínú ẹ̀kọ́ gígùn tó péye, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀, ọ̀kan á fetí sí i, ẹnì kẹta á máa wò, á sì máa kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 20 bá pé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí kì í dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú: kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó da ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀ kọ sórí ìwé láìyọ "ẹ̀n-ẹ́n" kan kúrò, kó wá kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tó sọ: ìbéèrè, àtúnsọ, ìmọ̀ràn, ìtùnú, ìtàn ara mi. A ò tíì rí irinṣẹ́ tó ju èyí lọ. Ẹni tó gbà pé òun mọ̀ ọ́n gbọ́ á rí i pé ìbéèrè mẹ́rìnlá lòun da bo èèyàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ gbọ́ bí àṣìṣe ṣe máa ń rí. Obìnrin kan ní, "Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò lè wọ yàrá yẹn mọ́." Akẹ́kọ̀ọ́ ní, "Ẹ gbìyànjú, ẹ ní sùúrù, á dáa." Ìtùnú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lé kúrò; ó ti pa ìlẹ̀kùn yàrá yẹn dé mọ́ obìnrin náà lójú. Ká ní ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ò gbé e mọ́ láti wọbẹ̀," tó sì dákẹ́, tó ka ení títí dé àrún nínú ọkàn rẹ̀, obìnrin náà ló máa sọ ohun tó wà nínú yàrá. Orúkọ iṣẹ́ yìí lédè wa pàápàá máa ń ṣi èèyàn lọ́nà: ó dún bíi pé ìmọ̀ràn la fẹ́ fún ẹni, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn àìtọ́jọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀kọ́ gidi ń gbà kúrò lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ ò wúlò rárá ni? Ó wúlò díẹ̀. Ní 2004, William Miller àti àwọn mìíràn kó òṣìṣẹ́ 140 tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn tàbí ọtí ti di bárakú fún, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà ìkọ́ni márùn-ún láti kọ́ bí wọ́n ṣe lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ á fi fẹ́ yí pa dà. Àwọn tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ síwájú, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ohùn wọn tí wọ́n sì ń tọ́ sọ́nà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ síwájú jù. Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni pé bí òṣìṣẹ́ kan ṣe sọ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe tó kò bá bó ṣe ṣe é nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ mu. Irú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ kúkúrú gbé ìwé ẹ̀rí wọn kà.

Ọ̀ràn ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dáa máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè rẹ̀ sókè, léraléra, títí ohùn rẹ̀ ò fi ní gbọ̀n mọ́: "Ṣé ẹ ti ń ronú láti pa ara yín?" Bíbéèrè rẹ̀ kì í gbin èrò náà síni nínú. Èyí tó léwu ni "Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan sára yín, àbí?" torí ó ti kọ́ onítọ̀hún ní èsì tá a fẹ́ gbọ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe é, bóyá nǹkan náà wà nítòsí, àti ìgbà tó ní lọ́kàn; lẹ́yìn náà ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí ẹni tó lè dáàbò bò ó á fi dé. Àṣírí tí agbaninímọ̀ràn ń bá èèyàn pa mọ́ náà ní ààlà, inú ìjókòó àkọ́kọ́ ló sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ẹ̀kọ́ gígùn ní àléébù tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ alábòójútó tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà náà ló ń fún un ní máàkì, ohùn tó dáa jù ni akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbé wá, á fi èyí tó bàjẹ́ pamọ́, bẹ́ẹ̀ èyí tó bàjẹ́ ló ń kọ́ni. Àwọn kan ń kó akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá jọ sábẹ́ alábòójútó kan fún wákàtí kan: ìṣẹ́jú márùn-ún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tó láti gbọ́ ohunkóhun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n máa gbọ́ ohùn yín, ẹni tó máa gbọ́ ọ, bóyá òun náà ṣì ń gba èèyàn nímọ̀ràn, àti ìgbà tí wọ́n máa ń pa ohùn náà rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà CACREP, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn níbẹ̀, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wákàtí 100 ìdánrawò, 40 nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wá gba ìrànlọ́wọ́, kó tún wá ṣe wákàtí 600 lẹ́nu iṣẹ́, kí 240 nínú rẹ̀ jẹ́ bákan náà. Ẹ fi iye yẹn wo ohun tí wọ́n bá ń tà fún yín.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì dáa fún olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́ tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀ láìjá ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Kìkì pé kí wọ́n kọ́ wọn ní àmì tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára wọn, kí kálukú sì kọ nọ́ńbà ibi tó máa rán èèyàn lọ sórí ìwé kí kíláàsì tó tú ká.