Regranex: Jẹ́ẹ̀lì fún Egbò Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ

Regranex kì í pa kòkòrò, ẹ má rà á torí ìyẹn. Becaplermin ló wà nínú rẹ̀, máíkírógíráàmù 100 nínú gíráàmù kan. Ẹ̀dà PDGF ni, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ fi ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n wá tún ojú ọgbẹ́ ṣe.

Lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń kọ́kọ́ dé ojú ọgbẹ́ láti bá kòkòrò jà. Macrophage, sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, á tẹ̀lé e, á kó òkú sẹ́ẹ̀lì kúrò, á wá bọ́ sí iṣẹ́ àtúnṣe. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ lẹ́jẹ̀, macrophage kì í kúrò lẹ́nu ìjà bọ̀rọ̀, neutrophil náà kì í tètè lọ, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń tú jáde á sì máa jẹ ẹran tuntun, á máa jẹ PDGF pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi jẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi yìí sórí egbò tí wọn ò tíì gé ẹran tó ti kú kúrò lójú rẹ̀ fi ń dá owó nù. Kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ egbò kọ́kọ́ gé e, kó sì máa tún un gé bó bá ṣe ń yọ.

Ìwọ̀n jẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n lò ló ń dà á rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ fi rúlà wọn gígùn àti ìbú egbò ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi ìkan lọ́po ìkejì, kí ẹ pín in sí 4. Egbò tó gùn ní 4, tó fẹ̀ ní 2, á gba jẹ́ẹ̀lì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 2 láti inú túùbù gíráàmù 15. Lọ́sẹ̀ kan sí méjì, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ fún jẹ́ẹ̀lì náà sórí bébà tó mọ́, ẹ fi ọ̀pá òwú tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú egbò. Ẹnu túùbù kò gbọdọ̀ kan egbò rárá. Ẹ fi gauze (aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò) tí saline (omi iyọ̀ ilé ìwòsàn) ti rin bò ó fún wákàtí 12, ẹ fọ jẹ́ẹ̀lì kúrò, kí gauze tútù nìkan wà níbẹ̀ fún wákàtí 12 tó kù.

Inú fíríìjì ni kó máa wà, kì í ṣe fírísà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ẹ rò ó dáadáa: pùròtéènì ni, ooru ń bà á jẹ́.

Nínú ìdánwò kan tí aláìsàn 382 kópa nínú rẹ̀, egbò 50 nínú 100 àwọn tó lò ó pa dé pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ 20. Ti àwọn tó lo jẹ́ẹ̀lì tí kò ní oògùn jẹ́ 35. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo iye tí ìtọ́jú dáadáa nìkan wò sàn! Bí aláìsàn bá ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ láìsí bàtà àkànṣe tàbí POP (ìdì líle tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀) tó gbé ìwúwo ara kúrò lójú egbò, asán ni.

FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ ńlá nípa jẹjẹrẹ sí i ní 2008, wọ́n sì yọ ọ́ ní 2018. Síbẹ̀, ẹni tí jẹjẹrẹ wà lójú egbò rẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó. Kì í sì í ṣe fún ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa. Bí egbò kò bá tíì fi ìdá 30 nínú 100 dín kù ní ọ̀sẹ̀ 10, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kẹ́ ẹ tó ra túùbù mìíràn.