Oúnjẹ Krio ní ilẹ̀ Ọ̀kun: ìjẹun mi lọ́dọ̀ Ìyá Sàró ní Kàbà

Ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò ní pátákó orúkọ. Lójú ọ̀nà tó jáde láti Kàbà lọ sí Ọ̀bájànà, níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ǹtì ti máa ń yà jẹun, àgọ́ onípáànù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ dé ìdajì. Tábìlì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún sì ń fi igi dáná lẹ́yìnkùlé. Ìyá Sàró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí oníbàárà bá wọlé, “Kushẹ o” ni màmá fi ń kí i, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá yóò sì ti mọ̀ pé “ẹ kú iṣẹ́” ló di bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn Krio, àwọn ará Freetown ní orílẹ̀-èdè Sàró (Sierra Leone). Bí oníbàárà náà bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ìyẹn ilẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogí, “Ọ̀kun o” ni yóò fi dá a lóhùn. Mo ti jẹun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù méjì, nítorí náà kì í ṣe ìtara ọjọ́ kan ni mo fi ń kọ èyí.

Ìlú Freetown ni wọ́n bí màmá sí. Ọmọ Ìjùmú ni ọkọ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn sójà Nàìjíríà tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó lọ sí Sàró lásìkò ogun abẹ́lé tó parí ní 2002. Nígbà tí baba náà fẹ̀yìn tì, wọ́n jọ padà wálé, ìyàwó sì gbé ìkòkò kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ gbogbo ohun tó ń sè, kò sì ní ìwé kankan tó kọ ìwọ̀n èròjà sí. Ọwọ́ ló fi ń wọn iyọ̀, etí ló sì fi ń gbọ́ bóyá epo ti gbóná tó.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni oúnjẹ Krio. Àwọn Krio ni ìran àwọn tí wọ́n gba òmìnira lóko ẹrú tí wọ́n sì fi Freetown ṣe ilé: àwọn kan wá láti Nova Scotia ní 1792, àwọn mìíràn wá láti Jàmáíkà ní 1800, àwọn tó sì pọ̀ jù lọ ni àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lẹ́yìn òfin ọdún 1807 tí Gẹ̀ẹ́sì fi ka òwò ẹrú léèwọ̀. Yorùbá pọ̀ gan-an nínú ìpín ìkẹyìn yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel Ajayi Crowther, tó gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822. Akú ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ibẹ̀, nítorí “ẹ kú” tí kò kúrò lẹ́nu wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìkíni ẹnu àwa náà ṣe sọ wá di Ọ̀kun. Nígbà tí Sigismund Koelle, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ọmọ Jámánì, sì ṣe àkójọ èdè àwọn tí wọ́n wà ní Freetown, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854, Yàgbà, Ìjùmú àti Òwòrò, tí gbogbo wọn jẹ́ ti ilẹ̀ Ọ̀kun, wà lára àwọn ẹ̀ka èdè Akú tó kọ sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá iná oúnjẹ yìí. Ìdí nìyí tí n kò fi lè fi ojú oúnjẹ àjèjì wo àwo tí màmá ń gbé kalẹ̀, tí mo sì ń bínú díẹ̀ nígbà tó bá ń tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀.

Sátidé nìkan ni fùfú máa ń wà, kí ẹnikẹ́ni má sì bá màmá jiyàn lórí rẹ̀. Láàárín àwọn Krio, ọjọ́ Sátidé ni ti fùfú, ọjọ́ Ìsinmi sì ni ti ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata. Ọbẹ̀ ewúro tí wọ́n ń pè ní bitas ló fi ń gbé fùfú náà lọ, ọbẹ̀ yìí sì ni n óò rán ẹnikẹ́ni lọ jẹ níbẹ̀ ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni màmá ń fọ ewúro rẹ̀. Ó ní bí a bá fọ̀ ọ́ títí tí kò fi korò mọ́, koríko lásán la ń sè. Ẹ̀gúsí ló fi ń mú un ki, ó ń da epo pupa sí i, ó ń fi ṣàkì àti ẹran màlúù sí i, lẹ́yìn náà ni ẹja yíyan tó ń rà láti Lọ́kọ́ja, nítorí pé ẹja bọ́ńgà inú òkun tí wọ́n ń lò ní Freetown kì í dé ọ̀dọ̀ wa bó ṣe yẹ. Mo dúró tì í ní ọjọ́ Sátidé kejì tí mo lọ. Ó ṣí ìdérí, ó fi ṣíbí igi gbé ewé kan sókè, ó wò ó títí epo fi ro kúrò lára rẹ̀, ó dé e padà, ó ní ó ku díẹ̀. “Díẹ̀” náà gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó gbé e dé iwájú mi, ìkorò ewúro náà kọ́kọ́ kan ahọ́n, adùn ẹ̀gúsí sì tẹ̀ lé e, èéfín ẹja ló wá kẹ́yìn, kò sì sí èyí tó bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni àwo kan pẹ̀lú ẹran méjì.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ògìrì wà nínú ọbẹ̀ yẹn bí wọ́n ṣe ń sè é nílé màmá, ti Sàró sì yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀, nítorí yànmọtí ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe bàrà. Màmá ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, yànmọtí kò sì wọ́n ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan ṣàròyé pé ó ń rùn, ó sì ti ń yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò ńlá báyìí, tó ń fi kúùbù ìsebẹ̀ dípò rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ti jẹ méjèèjì. Èyí tí kò ní ògìrì jẹ́ ọbẹ̀ tí èèyàn lè rí ní ibikíbi láti Ẹgbẹ́ títí dé Ìyàrá. Ẹ tètè sọ pé tiyín ni kí ó fi ògìrì sí. Ó máa ń tọ́jú ìkòkò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ fún àwọn tó bá béèrè.

Ní ìgbà kẹta, mo mú bàbá mi lọ, ẹni ọdún 78 tí kì í fẹ́ jẹun níta ilé. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni mo bá a béèrè. Ní ìlú ńlá, mọ́ínmọ́ín ni gbogbo èèyàn ń pè é, àwọn ọmọ tiwa náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni àwọn Krio ṣì ń pè é títí di òní, bí àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń pè é. Inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni màmá ń pọ́n ọn sí, kì í ṣe agolo, kì í sì í ṣe ọ̀rá. Bàbá tú ewé rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó padà sókè láìfọ́. Àwọ̀ rẹ̀ pupa fún epo, ìlà ewé náà sì hàn lára rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ẹní. Bàbá jẹ ẹyọ kan tán láìsọ̀rọ̀, ó wá pe màmá, ó ní: “Ìyàwó wa, ta ló kọ́ ọ ní èyí?” Màmá kúnlẹ̀ dá a lóhùn pé ìyá-ìyá òun ni, bàbá sì ní kí ó bu méjì sí i wá. Ẹgbẹ̀ta náírà ni ẹyọ kan. Ó dára ju èyí tí à ń jẹ nílé lọ, mo sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ ka gbólóhùn yìí.

Ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi kò wú mi lórí. Ọbẹ̀ ata náà dára, ṣùgbọ́n ìrẹsì ti rọ̀ jù ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì tí mo jẹ ẹ́, mo sì gbà pé àwọn tó ń dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà ni kò jẹ́ kí ó rí ọwọ́ yọ. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán kò ní bá ẹran mọ́. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ jẹ́ onísùúrù, àmọ́ òun nìkan ló ń dá tábìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lóhùn, mo sì ti dúró ju wákàtí kan lọ kí n tó rí omi ìṣanwọ́. Ẹ mú owó lọ́wọ́, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í jẹ́ kí owó tí a bá fi fóònù ránṣẹ́ tètè wọlé níbẹ̀. Kò sí iyán. Àwọn awakọ̀ kan ti bínú jáde nítorí èyí, ṣùgbọ́n Kàbà kò ṣe aláìní ibi tí wọ́n ti ń gún iyán. Ọtí atalẹ̀ rẹ̀, tí kò ní ọtí líle kankan nínú, tó fi kànáfùrù àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe, ta dé imú, ẹ má fi fún ọmọdé.

Yàtọ̀ sí èyí tó ń tà lójoojúmọ́, màmá máa ń gba iṣẹ́ òde. Àwùjọ ni orúkọ tí àwọn Krio ń pe àsè tí wọ́n ń ṣe fún àwọn baba ńlá, ní ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìsìnkú tàbí nígbà ìgbéyàwó: ẹ̀wà tí wọ́n fi epo pupa sè, àkàrà, dòdò àti ànàmọ́. Wọ́n ń gbẹ́ ihò sí àgbàlá, wọ́n ń bu nínú oúnjẹ náà sí i fún àwọn tó ti lọ, kí àwọn alààyè tó fọwọ́ kan tiwọn. Kristẹni paraku ni màmá, kò sì rí ohun tó takora nínú rẹ̀. Ó ní ìyá òun ń ti ìdí ihò náà lọ sí ìsìn àárọ̀. Nígbà tí àbúrò ìyá mi pé ogójì ọjọ́ lóṣù tó kọjá, màmá la ní kí ó se ẹ̀wà náà. Àgbà kan nínú ẹbí wa ní sàráà lásán ni, pé kí la ń pe Sàró sí. Òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún bu sí i fún òun.

Mo ti san owó ogún ọ̀lẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún Sátidé tó ń bọ̀. Màmá ní òun yóò sè é, ṣùgbọ́n ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ òun nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, kí n já ogójì bọ̀ láti oko bàbá mi, kí n má sì mú èyí tí atẹ́gùn ti ya.