Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Kan àti Ìdí tí Mo Fi Yan Ilé-iṣẹ́ tó Ṣe É Lódì

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń lo íńkì olómi, irú èyí tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe ẹ̀dà, tó sì tún ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìtọ́jú tí mo rí gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lẹ́yìn tí owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé ìwà tí mo fẹ́ ṣàlàyé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ẹni tó bá sì ti mọ ìwà náà yóò dá a mọ̀ níbikíbi tó bá ti bá a pàdé. Mo ti jẹ́ oníbàárà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rà á, n kò sì rí àléébù kankan lára rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá ló ń sọ̀rọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti dára. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, ó rọrùn láti so mọ́ wáifáì, kì í pariwo, lẹ́tà rẹ̀ sì ń hàn ketekete. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni mo kọ àgbéyẹ̀wò mi, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe, ìràwọ̀ márààrún ni ǹ bá fún un. Irú ẹ̀rọ báyìí kì í fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń fo àgbéyẹ̀wò tí ènìyàn bá kọ ní ọjọ́ tó já páálí ọjà.

Ọ̀rọ̀ íńkì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kátíríjì, ìyẹn ike kékeré tí íńkì wà nínú rẹ̀, èyí tó máa ń bá ẹ̀rọ wá kì í sábà kún tó èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, nítorí náà kì í pẹ́ tán. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí pé kátíríjì kan yóò tẹ ojú ìwé báyìí báyìí, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí wọ́n fi wọn iye náà ni èyí tí íńkì kò bò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ. Lẹ́tà kúkúrú lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwòrán kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, íńkì olómi máa ń gbẹ sẹ́nu àwọn ihò tín-ínrín tó ń tú u jáde bí ẹ̀rọ bá wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà yóò sì máa fọ ara rẹ̀ nípa títú íńkì dànù sínú fóòmù kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ń tẹ̀wé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fóòmù yẹn ló ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú íńkì tí mo ń fowó rà. Lára ẹ̀rọ mìíràn, nígbà tí ònkà inú rẹ̀ bá ṣírò pé fóòmù ti kún, ẹ̀rọ yóò dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ fóòmù lásán ni, ohun tí a lè yọ kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ọjọ́ tí ó yé mi pé ọ̀rọ̀ náà kọjá àléébù ni ọjọ́ tí mo fẹ́ ya ìwé ẹ̀rí kan sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun kan tí mo fẹ́ tẹ̀. Mo dojú ìwé náà dé orí dígí, mo pa ìdérí dé, mo tẹ bọ́tìnì. Iná kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ sì jáde lójú ẹ̀rọ pé íńkì aláwọ̀ ìyeyè ti tán, kí n fi tuntun sí i kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú. Yíya ìwé sínú kọ̀ǹpútà kì í lo ẹ̀kán íńkì kan ṣoṣo: ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ń tàn sí ojú ìwé, tí ó sì ń ka èyí tó bá ta padà. Mo wò ó títí, mo ṣí i, mo pa á dé, ìdáhùn kan náà ni. Ohun tó bá bàjẹ́, àléébù ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ṣiṣẹ́, tí ó sì ń di oníbàárà lọ́wọ́, ẹnìkan ló jókòó pinnu bẹ́ẹ̀.

Mo wá ra kátíríjì tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó bá ẹ̀rọ náà mu. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òru kan tí ẹ̀rọ náà gba àtúnṣe sọ́fítíwíà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kátíríjì tí mo fi tẹ̀wé lálẹ́ àná ti di àjèjì. Ṣíìpù kékeré kan ló wà lára kátíríjì tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀, àtúnṣe tó wọlé lóru sì ti yí ohun tí ẹ̀rọ ń retí láti ọ̀dọ̀ ṣíìpù náà padà. Íńkì wà níbẹ̀, ó kún, n kò sì lè lò ó.

Irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí èmi ń bá wíjọ́, ṣàdédé kọ kátíríjì àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ariwo ta, HP tọrọ àforíjì pé òun kò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tó fún àwọn oníbàárà, ó sì gbé sọ́fítíwíà jáde tí ẹni tó bá fẹ́ lè fi mú ìdènà náà kúrò. Síbẹ̀ ìdènà náà kò kúrò nílẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2020, àjọ tó ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò ní Ítálì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 yúrò lé HP lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní ọdún 2017, nínú ẹjọ́ kan tó kan ilé-iṣẹ́ Lexmark tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pé ẹni tó bá ti ta kátíríjì kan kò lè máa fi ẹ̀tọ́ tó ní lórí àrà tó dá (èyí tí wọ́n ń pè ní pátẹ́ǹtì) darí bí ẹni tó rà á ṣe ń lò ó mọ́. Ìdájọ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ṣíìpù kì í ka ìwé ìdájọ́, ohun tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n fi àṣẹ dí mọ́ ni wọ́n ń fi sọ́fítíwíà dí.

Mo gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bá àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Rọ́bọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ó bi mí bóyá mo ti ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ iná. Lẹ́yìn tí mo ti kọ ọ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà pé ènìyàn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ kan bọ́ sórí ìlà. Ó béèrè orúkọ mi, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ọjọ́ tí mo rà á àti ẹ̀dà rìsíìtì. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n pa ẹ̀rọ, kí n yọ wáyà, kí n dúró díẹ̀, kí n tún un tàn. Nígbà tí kò yí padà, ó gbé mi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, onítọ̀hún sì béèrè orúkọ mi, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ọjọ́ tí mo rà á àti ẹ̀dà rìsíìtì, ó wá ní kí n pa ẹ̀rọ, kí n yọ wáyà. Bí ẹni ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí, gbogbo ohun tí mo bá sọ fún ẹni ìṣáájú ti jò tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn.

Òṣìṣẹ́bìnrin kan ló ṣàánú mi lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ má bínú, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yín. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àṣẹ tí mo ní kò ju pé kí n ní kí ẹ ra kátíríjì wa.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí òun nìkan ló bọ̀wọ̀ fún làákàyè mi. Kò pẹ́ tí a parí ọ̀rọ̀ ni ímeèlì dé pé ọ̀ràn mi ti yanjú, pẹ̀lú ìbéèrè pé máàkì mélòó ni mo fún òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn. Kò sí àyè níbẹ̀ láti fún ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní máàkì. Èyí jẹ́ ọgbọ́n tó burú: ìbínú tí àwọn tó wà lókè fà, wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ó lè bọ́ sórí ẹni tó kéré jù lọ nínú ilé-iṣẹ́. Mo fún obìnrin náà ní gbogbo máàkì tó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ bínú sí ilé-iṣẹ́ kan, kí ó má fi ìbínú náà bú ẹni tó gbé fóònù.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, wọ́n ní lílò tí mo lo kátíríjì tí kì í ṣe tiwọn ti ba wáráńtì ẹ̀rọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò lè fi ohun kan hàn pé kátíríjì náà ba nǹkan kan jẹ́. Ó yẹ kí oníbàárà mọ̀ pé wáráńtì tí ilé-iṣẹ́ kọ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ tí òfin fúnni. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọdún 2 ó kéré tán ni òfin fi mú ẹni tó ta ọjà bí ọjà náà bá ti ní àléébù láti ìbẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2015 gba oníbàárà láyè láti dá ọjà tó ní àléébù padà láàárín ọjọ́ 30, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1962, nígbà tí Ààrẹ John F. Kennedy ka ẹ̀tọ́ mẹ́rin tí oníbàárà ní fún ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀tọ́ pé kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà. Ọjọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà káàkiri ayé sì ń ṣàjọ̀dún lọ́dọọdún láti ọdún 1983. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi rọ́bọ́ọ̀tì dí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀tọ́ yẹn gan-an ló ń fi ọgbọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Mo wá yan ilé-iṣẹ́ náà lódì. Kì í ṣe pé mo kàn dákẹ́ kí n máa ra ti ẹlòmíràn, nítorí pé oníbàárà tó bá lọ láìsọ̀rọ̀, nọ́ńbà kan tó dín nínú ìwé ìṣirò wọn ni, wọ́n sì lè ka ìdínkù náà sí ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Mo kọ lẹ́tà tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí, ohun tí mo ń béèrè, àti pé n kò ní ra ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, ìbáà jẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí íńkì, títí wọn yóò fi ṣe é. Mo tún kọ àgbéyẹ̀wò sí ibi tí mo ti ra ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú àwòrán ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ya ìwé.

Ìyanlódì tí kò béèrè ohun pàtó kì í ní ibi tó ń lọ. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ Nestlé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977, lórí bí wọ́n ṣe ń polówó wàrà ìkókó fún àwọn ìyá, pẹ́ kí ó tó so èso, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè yé tọ̀tún tòsì. Lọ́dún 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà lórí títa irú wàrà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1984, wọ́n dá ìyanlódì náà dúró nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gbà láti tẹ̀ lé ìlànà. Lọ́dún 1988, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kò mú ìlérí ṣẹ. Ẹ ò rí i pé bí wọ́n ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró ni wọ́n ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n padà. Ọ̀rọ̀ íńkì kò wúwo tó ọ̀rọ̀ ìkókó, mo mọ̀, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló ṣiṣẹ́. Ariwo ọdún 2016 lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rọlẹ̀ kíákíá, ó sì jọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ti kọ́ láti máa dúró de ìrọ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó le jù nínú yíyan ilé-iṣẹ́ lódì ni pé wọ́n ti ronú nípa rẹ̀ ṣáájú wa. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Íńkì ni wọ́n fi ń pa owó, nítorí náà ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ ti há sọ́wọ́ wọn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ètò àsansílẹ̀ oṣooṣù tí wọ́n tún gbé jáde tún burú sí i: bí o bá fagi lé e, kátíríjì tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ yóò kọṣẹ́, kódà bí íńkì bá ṣì kún inú rẹ̀. Kí ènìyàn tó ra irú ọjà yìí, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wádìí ni bí yóò ṣe jáde: ṣé kátíríjì ẹlòmíràn lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ṣé a lè pa àtúnṣe aládàáṣe, ṣé iṣẹ́ kan lè máa lọ bí apá kejì bá dúró, ṣé ènìyàn ń gbé fóònù. Ìdáhùn wà nínú àgbéyẹ̀wò àwọn tó ti lo ẹ̀rọ náà kọjá ọdún kan. Kì í sí lára páálí.

Ẹ̀rọ lésà aláwọ̀ dúdú nìkan ni mo ń lò báyìí, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹ̀fun ló ń lò dípò omi, kì í gbẹ bí mo bá fi sílẹ̀, ó sì gba kátíríjì tí mo bá rà láìjanpata. Kò lè tẹ àwòrán aláwọ̀, ó tóbi, ó sì máa ń rùn díẹ̀ bó bá gbóná. Ti àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Mo fún un ní ìràwọ̀ méjì, ọ̀kan fún lẹ́tà rẹ̀ tó hàn ketekete, ọ̀kan fún obìnrin tó sọ òótọ́ fún mi lórí fóònù. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ya ìwé láìsí íńkì, tí ó sì gba oníbàárà láyè láti kọ àtúnṣe sọ́fítíwíà bí kò bá fẹ́ ẹ, n ó tún àgbéyẹ̀wò yìí kọ, n ó sì fún un ní ìràwọ̀ tó bá tọ́ sí i.