FederalRegister.gov: ibi tí ẹ ti lè tọpa ìlànà tí ìjọba ń sáré ṣe nígbà tí sáà bá ń parí

Ojú òpó yìí wúlò gan-an, ọ̀fẹ́ sì ni. Òun ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń gbé gàsẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ rẹ̀ jáde láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àyàfi ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tàbí ètò ìṣèlú ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, akọ̀ròyìn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dí ìjọba tó ń kógbá sílé lọ́wọ́ kó má baà di ẹrù ìlànà tuntun ru ẹni tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àléébù rẹ̀ tó le jù ni pé ọjọ́ mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, méjì péré ló sì ń sọ fún yín: ọjọ́ ìtẹ̀jáde àti ọjọ́ tí ìlànà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa ní Ọ̀ṣun. Ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n dìbò gómìnà. Nígbà tí Gómìnà Ademola Adeleke gba ìjọba ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, lára àṣẹ tó kọ́kọ́ pa ni pé gbígbà tí wọ́n gba èèyàn síṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù keje di òfo, kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ oyè ọba tó wáyé lẹ́yìn ọjọ́ náà yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìlà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti ka ọjọ́ sílẹ̀ kí ìbò tó dé, ará ìlú sì lè bá wọn kà á.

Ẹ ṣí Advanced Search. Níbi irú ìwé, Rule nìkan ni kí ẹ mú, ìyẹn ìlànà tó ti parí. Àbá ṣì ni Proposed Rule, ìkéde lásán sì ni Notice. Níbi ọjọ́ ìtẹ̀jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì ìbò ààrẹ, ẹ parí rẹ̀ sí ọjọ́ 20 oṣù kìíní, nítorí ọ̀sán gangan ọjọ́ yẹn ni ààrẹ tuntun ń gbapò. Ẹ tún mú Significant, ìyẹn àwọn ìlànà tí wọ́n kà sí pàtàkì. Ẹni tí kò bá mú un, ìlànà àyẹ̀wò ọkọ̀ òfurufú àti ti ẹ̀ṣọ́ etíkun tó ń ti ojú omi pa fún ọjọ́ díẹ̀ ni yóò bo ohun tó ń wá mọ́lẹ̀. Ìwé náà pọ̀ jọjọ: ojú ewé tó jáde ní ọdún 2016 nìkan lé ní 90,000.

Tí ẹ bá ti rí ìlànà tí ẹ ń wá, abẹ́ àkọlé DATES ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òfin ọdún 1946 tó ń darí bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣe ìlànà ní kí ọjọ́ 30, ó kéré tán, wà láàárín ìtẹ̀jáde àti ìgbà tí ìlànà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin ọdún 1996 sọ ọ́ di 60 fún ìlànà ńlá, irú èyí tí ipa rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé tó 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ẹ ka 60 sẹ́yìn láti ọjọ́ 20 oṣù kìíní, ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ni ẹ ó bá. Ìlànà ńlá tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn kò ní tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ààrẹ tuntun bá dé. Ó jọ pé ìṣirò yìí ló wà nídìí ìwé tí Joshua Bolten, olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ George W. Bush, kọ sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2008: àbá tuntun kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ìlànà tó ti parí kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá le gan-an. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń dí ìgbẹ̀yìn sáà, èyí ló wù wá jù, torí ìjọba tó ń lọ ló fi òté lé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi òté lé e náà ló ni àṣẹ láti yọ̀ǹda, ìlànà ṣì ń jáde lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ọ̀nà kejì ni ìwé ìdádúró tí ìjọba tuntun máa ń gbé jáde lọ́jọ́ tó bá wọlé. Olórí òṣìṣẹ́ ààrẹ tuntun ló sábà máa ń kọ ọ́: Andrew Card ní 2001, Rahm Emanuel ní 2009, Reince Priebus ní 2017, Ron Klain ní 2021; ní 2025, Ààrẹ Donald Trump fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ohun tí ìwé náà sábà máa ń sọ ni pé kí wọ́n má fi ìlànà tí kò tíì lọ ránṣẹ́ mọ́ sí iléeṣẹ́ tó ń tẹ gàsẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n fa èyí tó lọ àmọ́ tí kò tíì jáde padà, kí wọ́n sì sún èyí tó jáde àmọ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú.

Nítorí ìwé ìdádúró yìí ni apá tí wọ́n ń pè ní Public Inspection fi ṣe iyebíye. Ìwé tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde máa ń hàn níbẹ̀ ní aago 8:45 àárọ̀ Washington, ìyẹn 2:45 ọ̀sán ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2017, tó kù ọ̀la kí Ààrẹ Obama lọ, ìlànà iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tó ń dáàbò bo ẹṣin lọ́wọ́ ìyà ti wà lórí rẹ̀. Ìjọba tuntun fà á padà. Ní 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Washington ní kò tọ́: ìlànà tó ti hàn sí gbogbo ayé níbẹ̀ kò ṣeé fà padà láìgba èrò ará ìlú.

Ọjọ́ kẹta, tí kò sí lójú òpó yìí, ni ọjọ́ tí ìlànà dé ọwọ́ ilé aṣòfin méjèèjì. Òfin 1996 yẹn kan náà ní kí ìlànà tó bá dé láàárín ọjọ́ 60 tó kẹ́yìn ìjókòó wọn di ti ilé aṣòfin tuntun, àwọn yẹn sì lè fi ìbò tó pọ̀ ju ìdajì lọ pa á rẹ́ bí ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Iléeṣẹ́ ìjọba kò lè gbé irú rẹ̀ wá mọ́ láìjẹ́ pé òfin tuntun fún un láyè. Ìlànà kan ni wọ́n fi òfin yìí pa ní 2001, 16 láàárín 2017 àti 2018, 3 ní 2021. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni kíkà: ọjọ́ tí wọ́n jókòó nílé aṣòfin ni òfin ń kà, kì í ṣe ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà, nítorí náà 60 yẹn lè fà sẹ́yìn ju ìgbà ìbò lọ dáadáa. Ẹ lọ wo ojú òpó GAO, iléeṣẹ́ tó ń bá ilé aṣòfin ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ìjọba, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gba ìlànà kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, kíkà lórí ojú òpó náà ti tó; ẹ má gbìyànjú PDF odidi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n PDF ti ìlànà kọ̀ọ̀kan ni òfin mọ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀ ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ fi í ti iṣẹ́ ìwádìí yín lẹ́yìn. Àlàyé gígùn ló máa ń ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìlànà gan-an wà lápá ìparí, nítorí náà ojú ewé àkọ́kọ́ àti àwọn ti ìparí ni kí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ fún yín.

Ìlànà ìpínlẹ̀ wa kò sí níbẹ̀ o. Fún ìyẹn, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ṣe ìlànà náà ní Òṣogbo lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011. Ẹ dárúkọ ìlànà náà, ẹ bèèrè ẹ̀dà gàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí ẹ̀dà ọwọ́ yín, torí ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn.