Pọ́ǹpù Epo Camry àti Corolla 2018 sí 2020 l'Abẹ́òkúta: Ẹ Má Ra Bẹ́ljíọ̀mù

Oríṣi pọ́ǹpù epo mẹ́ta ni wọ́n ń tà láti Láfẹ́nwá dé Àsẹ̀rò: bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, tuntun ojúlówó, àti tuntun ayédèrú. Bẹ́ljíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á ní ojúlówó ni, ó kàn ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n lórí Camry, Corolla, Highlander àti Sienna ọdún 2018 sí 2020, ojúlówó yẹn gan-an lè wà lára èyí tí ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n yọ dànù.

Ilé iṣẹ́ Denso, tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀, ló ṣe pọ́ǹpù náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ̀ padà (recall) fún àtúnṣe ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀. Wọ́n fi kún un ní oṣù Kẹta, wọ́n tún fi kún un ní oṣù Kẹwàá, títí ó fi tó mílíọ̀nù 5.8 káàkiri àgbáyé. Nínú ikùn pọ́ǹpù yìí, abẹ̀bẹ̀ oníke kékeré kan wà tó ń yí bíríbírí láti ti epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ike tí wọ́n fi ṣe àwọn kan kò ki tó, ó sì pẹ́ jù nínú kẹ́míkà nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ojú rẹ̀ wá sán wẹ́wẹ́. Ike tó bá ti sán báyẹn á máa mu epo, á wú bíi gàrí tó rí omi, á wá máa ha ara ilé tó ń yí nínú rẹ̀. Iná á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, ọkọ̀ lè kọ̀ láti jí, tàbí kó kú lórí eré. Tó bá kú ní Pánṣẹ́kẹ́, fèrè làwọn tó wà lẹ́yìn máa fọn. Tó bá kú láàárín Kóbapé sí Ṣíún, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti kọjá fèrè.

Honda náà kò mórí bọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n pe ohun tó lé ní mílíọ̀nù 2.5 padà ní Amẹ́ríkà nítorí abẹ̀bẹ̀ kan náà. Accord, Civic àti CR-V wà nínú wọn. Ẹni tó ń wa Camry Muscle àtijọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Tí pọ́ǹpù tirẹ̀ bá kú, ogbó tàbí epo ìdọ̀tí ló pa á.

Ká wá yẹ iṣẹ́ ìpepadà yẹn fúnra rẹ̀ wò. Apá tó dára níbẹ̀ dára gan-an: ẹ lọ sí ojú òpó NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ẹ tẹ VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ẹ kò san kọ́bọ̀. VIN wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ òsì, ó tún wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lẹ́tà kẹwàá ló ń sọ ọdún: J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020. Tí nọ́ńbà ìpepadà 20V-012 tàbí 20V-682 bá jáde fún Toyota, tàbí 23V-858 fún Honda, wọn ò tíì ṣe é. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, bóyá wọ́n ti ṣe é tàbí ọkọ̀ yẹn kò sí lára wọn. Ohun tí ojú òpó NHTSA yẹn kò lè mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, kí ẹnì kan níbí sì tún fi bẹ́ljíọ̀mù burúkú rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti já wa kulẹ̀ ni àtúnṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà l'Amẹ́ríkà ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ wà, tòkunbọ̀ sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ẹnikẹ́ni tó rántí. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún pàápàá dúró: ìpín ìpín ni Honda fi ṣe é nítorí pé pọ́ǹpù tuntun kò tó nígbà náà. Níbí, àpò yín ni yóò sanwó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba VIN kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Tí ìpepadà bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ yọ owó pọ́ǹpù tuntun kúrò nínú ohun tí ẹ máa san.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ rí i dájú pé pọ́ǹpù ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń tan kọ́kọ́rọ́, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á ní kò dún, ó ti kú. Irọ́ ni lórí ọ̀pọ̀ Toyota! Ìgbà tí ẹ bá ń jí ẹ́ńjìnnì ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó máa ń gbé iná fún pọ́ǹpù. Lórí Corolla, kí rẹwáyà fi mítà wo ẹnu wáyà rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń jí i: tí iná bátìrì bá dé ibẹ̀ tí pọ́ǹpù kò yí, ó ti kú nìyẹn. Tí iná kò bá dé ibẹ̀, fíúsì, rílè tàbí wáyà ni kí ẹ wò. Géèjì tó ń wọn agbára epo nínú páìpù ni adájọ́: Corolla ẹ́ńjìnnì 1.8 gbọ́dọ̀ gbé psi 44 sí 50, kó sì ṣì wà ní 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ bá pa á. Ti Camry yàtọ̀, torí pọ́ǹpù méjì ló ní, ọ̀kan nínú táńkì, ọ̀kan lórí ẹ́ńjìnnì. Ti táńkì ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan páìpù ti orí ẹ́ńjìnnì lásán. Kóòdù P0087 tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá gbé jáde ń tọ́ka sí agbára epo tí kò tó, ṣùgbọ́n P0171 lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé. Mẹkáníìkì tí kò ní géèjì, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe.

Ẹni tó ń ta bẹ́ljíọ̀mù náà ní ìdánwò tirẹ̀. Á fi wáyà bátìrì kàn án, á dún jìììì, á ní ṣé ẹ gbọ́? Gbígbẹ ló wà lórí tábìlì. Inú epo ni ike yẹn ti ń wú.

Ìgbà tí epo kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì lọ ni kí wọ́n ṣiṣẹ́ náà, kí jẹnẹrétọ̀ má sì sí nítòsí. Kí wọ́n gbé síìtì ẹ̀yìn, kí wọ́n yọ ìdérí abẹ́ rẹ̀ àti wáyà, kí wọ́n jí ọkọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí wọ́n tún jí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Agbára inú páìpù ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátíìfù. Kí wọ́n gbá eruku pupa kúrò níbẹ̀ kí ó má wọ táńkì. Òrùka oníke ńlá tó dè é mọ́lẹ̀ ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fi sísẹ́ẹ̀lì àti òòlù lù ú á fọ́ ọ, irin tó ń lu irin lórí epo sì lè tanná. Rọ́bà abẹ́ òrùka gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, torí ti àtijọ́ máa ń wú tó bá ti jáde, kì í jókòó dáadáa mọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ lọ rọ epo kún táńkì kí ẹ tó dá síìtì padà: jíjò tó wà lókè kì í hàn nígbà tí epo bá kéré, òórùn inú ọkọ̀ ni ẹ máa fi mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ayédèrú tuntun ńkọ́? Ó ń gbé epo, ariwo rẹ̀ pọ̀, ohun tó ń wọn epo nínú rẹ̀ sì máa ń purọ́: géèjì dáṣíbọ́ọ̀dù á ní ìdajì ló kù, ọkọ̀ á kú sórí òkè. Ojúlówó tuntun ni kí ẹ rà. Nọ́ńbà ti odindi rẹ̀, pọ́ǹpù pẹ̀lú ilé rẹ̀ àti ohun tó ń wọn epo, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 77020. Tí owó kò bá tó, pọ́ǹpù nìkan, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 23220, àti asẹ́ tuntun ti tó. Kí ẹ sì gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, orí tábìlì bẹ́ljíọ̀mù ló ń lọ.