Fíláàṣì tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó àbúrò mi

Màámi dìde, wọ́n na ọwọ́ sí àbúrò mi, àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, omijé ti ń bọ́ lójú wọn, mo gbé kámẹ́rà sójú, mo tẹ̀ ẹ́, fíláàṣì ò tàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Ìgbà kẹta, iná pupa kékeré ẹ̀yìn ẹ̀ ò tiẹ̀ yọjú mọ́. Nígbà tó máa fi padà tàn, Màámi ti jókòó, wọ́n ń nujú. Fọ́tò mẹ́ta tí mo rí níbẹ̀ dúdú bí èédú. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kó tún ẹkún sun?

Kì í ṣe pé mi ò wádìí kí n tó rà á o. Àwọn oní-TTL, tó jẹ́ pé kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ló ń díwọ̀n iná, owó wọn ga ju tèmi lọ, ni mo bá mú oní-manual, téèyàn á máa fọwọ́ yan agbára ẹ̀ láti 1/1, ìyẹn gbogbo agbára ẹ̀, wálẹ̀ dé 1/128. Ẹ̀gbọ́n kan tiẹ̀ fẹ́ fún mi ní ti àtijọ́ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní rárá, torí àwọn fíláàṣì ayé fíìmù kan wà tí iná ẹsẹ̀ wọn tó ń kan kámẹ́rà ju 200 fóltì lọ, ó lè ba kámẹ́rà dígítà jẹ́ pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Mi ò tíì ṣàlàyé dé ìdajì tí ọkùnrin tó gbé e fi ní "Bátìrì yín ti kú, sà." Mo ní tuntun ni, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo já ọ̀rá ẹ̀. Ó ní á jẹ́ pé kámẹ́rà ni. Mo ní kámẹ́rà ń yà, fíláàṣì ni ò tàn. Ó wá ní "Sà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lò ṣá?" Háà! Ó ní kí n dúró, ó fi orin sí mi létí, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo fi gbọ́ orin yẹn, ìpè já. Mo tún pè, òun náà ló gbé e, ó ń bi mí lórúkọ bíi pé a ò jọ sọ̀rọ̀ rí. Mo pa fóònù, ara mi ń gbọ̀n.

Lọ́sàn-án mo tún gbìyànjú, obìnrin kan ló gbé e. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní agbára wo ni mo fi í sí? Mo ní 1/1. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, ńkọ́? 100. Ṣé ojú àwọn èèyàn ni mo kọ ọ́ sí àbí àjà? Àjà. Bátìrì wo? Alkaline, èyí tí kì í gba ṣáájì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ọjọ́ ńlá lẹ pàdánù. Ó gbóná jù ni, ló ṣe ti ara ẹ̀ pa kó má baà jóná." Ó ní 1/1 léraléra, gbogbo iná tó kó jọ ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tún gbọ́dọ̀ kó gbogbo ẹ̀ jọ padà kó tó tàn, ooru á máa gun orí ooru. Kí n gbé ISO lọ sí 800, ìlọ́po 8 nìyẹn, kí n wá fi fíláàṣì sí 1/8, fọ́tò á mọ́lẹ̀ bákan náà. Kí n ra bátìrì NiMH tó ń gba ṣáájì, 1.2 fóltì ni wọ́n kọ sára ẹ̀ lóòótọ́, alkaline sì jẹ́ 1.5, ṣùgbọ́n NiMH ń tú iná sílẹ̀ yára jù ú lọ. Èmi tí mo pè láti jà, mo ti ń wá bírò. Ó dúró kí n kọ ọ́ tán.

Alẹ́ ọjọ́ tí bátìrì dé, mo kọ orí fíláàṣì sí àjà, 1/8, mo tẹ̀ ẹ́ nígbà 60 láìsinmi, ó tàn nígbà 60. Ẹ wo ojú ọmọ mi nínú fọ́tò yẹn! Ìmọ́lẹ̀ rọra bọ́ sílẹ̀ lára ẹ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò sí òjìji dúdú kankan lára ògiri. Inú mi dùn débi pé mo jí ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ má wo GN 58, ìyẹn nọ́ńbà agbára ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, tí wọ́n kọ gàdàgbà sí páálí nìkan, ibi tí wọ́n sún orí ẹ̀ dé 105mm, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ há, ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sí i kò ní dé bẹ̀. Tí ìlà dúdú bá bo apá kan fọ́tò yín, ṣọ́tà yín, ìbòjú inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó ń pa dé, ló ti yára jù, tèmi ò gbọdọ̀ kọjá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá. Ilẹ̀kùn ibi tí bátìrì ń wọ̀ ò lágbára, ẹ rọra ṣí i.

Ọ̀rọ̀ ooru yẹn ṣì wà ní ìwé pẹlẹbẹ inú páálí o, ojú ewé tó kẹ́yìn, lẹ́tà tíńtìntín. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú.

Mo ti ra èkejì ẹ̀, méjèèjì ni mo ń lò báyìí. Máàkì: ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọ̀kan ti obìnrin yẹn, ọ̀kan ti ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ láti àjà. Mẹ́ta tó kù wà lára fọ́tò mẹ́ta yẹn.